Àpò Inú Ṣòkòtò Jẹ́jẹ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin télọ̀ yìí ti ń ránṣọ ní òpópónà wa. Bó bá rán aṣọ tán, ó máa ń fi òwú pupa dì í lẹ́ẹ̀mẹta ní inú, níbi tí ojú kò tó.

Láràárọ̀ Sátidé, òun àti ọlọ́pàá kan máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ní ìbọn, kó mú un wá. Wọn kò ní béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, tó sì yìn ín, yóò lọ ṣàlàyé ní kóòtù. Télọ̀ ló ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń bẹ àwọn ìyá. Láàárín oṣù mẹ́jọ, wọ́n gba ìbọn mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yìnbọn fún onígbàjámọ̀ òpópónà wa lẹ́sẹ̀. Bí ẹni tó yìnbọn náà ti ń fo ọgbà sá lọ, wáyà kọ́ ọ ní ṣòkòtò. Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó fi pátá nìkan sáré lọ. Ọlọ́pàá gbé ṣòkòtò náà wá bá télọ̀ pé bóyá ó mọ iṣẹ́ ẹni tó rán an.

Ó yí inú rẹ̀ síta. Àpò gígùn kan wà lẹ́sẹ̀ òsì. Òwú pupa wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.

Àbúrò rẹ̀ ló rán an fún, mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ó ní sípánà lòun fẹ́ máa fi síbẹ̀. Télọ̀ tilẹ̀ fi aṣọ tó nípọn tẹ́ inú àpò náà, kí irin má baà ha á lára.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin gbọ́ pé wọ́n ti mú Jẹ́jẹ́ àti pé télọ̀ yóò lọ jẹ́rìí, ó dé.

“O ò ní lọ sí kóòtù yẹn.”

“Mo máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣé ìwọ nìkan ni télọ̀? Sọ pé o ò mọ ẹni tó rán an!”

“Onígbàjámọ̀ ò lè dúró gẹ́run mọ́.”

“Ṣé onígbàjámọ̀ ló bá ẹ mu ọmú kan náà?”

“Nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ ìbọn ní gbọ̀ngàn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.”

“Ọmọ ọlọ́mọ ni mo pàtẹ́wọ́ fún!”

Ní kóòtù, lọ́yà Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. “Màdáámù, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ní òwú pupa láyé ni?”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

“Rárá o, lọ́yà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti òsì fi ìdajì íńṣì kúrú ju ti ọ̀tún lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe gé ṣòkòtò yẹn. Ẹ wọ̀n wọ́n wò.”

Wọ́n wọ̀n wọ́n. Ẹ̀rín tán. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà.

“Mi ò ní ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ ìwọ mọ́,” ni Jẹ́jẹ́ wí bí wọ́n ti ń mú un lọ.

Láti ìgbà náà, àwọn oníbàárà ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ní Sátidé, òun àti ọlọ́pàá nìkan ló jókòó sí gbọ̀ngàn. Ní Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àpò ńlá kan dé, ó da aṣọ mẹ́tàdínlógún sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi abẹ já òwú pupa inú gbogbo wọn.

“Gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹ! Kò gbọdọ̀ kan ara mi mọ́ láé.”

Télọ̀ kà wọ́n, ó sì ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

“Ó ku ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tẹ́ ẹ wọ̀ wá yẹn, èmi náà ni mo rán an.”

Ẹ̀gbọ́n wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó di ọrùn aṣọ náà mú, ó pòṣé, ó sì sọdá sí òdìkejì títì.