Wáyà Kejì

Ọ̀sẹ̀ ọdún Àjíǹde ni àpótí náà ya wèrè. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, kò ju ìwé àdúrà lọ, tí Octav kàn mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní ìlú Brăila, ní Romania. Òun ló ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì sí àwọn yàrá, òun náà ló ń fún Zamfira ní tirẹ̀, ìyá arúgbó tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú pọ̀, kíákíá kíákíá, kò sì sí ohun tó ń wọlé níbì kankan.

Ileana ìyàwó rẹ̀ ti ra tuntun sílẹ̀. Páálí rẹ̀ wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun tó ń pò.

"Octav, mo fẹ́ ki búrẹ́dì ọdún bọ ààrò. Bó bá jinná tí òkú yẹn ò tíì jí, ààtàn ló ń lọ."

"Kò kú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"Ó rẹ àwọn bàtà gbígbó tí o kó sábẹ́ ibùsùn pẹ̀lú."

Octav tú àpótí náà kúrò lára ògiri.

Nígbà tí kò tíì fẹ́yàwó, òun àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló jọ ra àpótí náà. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fa wáyà dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà. Àwọn fúnra wọn ló gun òrùlé, tí wọ́n na wáyà láti ilé dé ilé, gba orí igi kọjá. Ibi yòówù kí wọ́n gbà, méjì ni wọ́n ń fà. Ọ̀kan a máa ṣiṣẹ́. Èkejì, wọ́n á ki orí rẹ̀ kan bọ àpótí, wọ́n á jẹ́ kí orí kejì máa rọ̀ dirodiro, de ọjọ́ tí mànàmáná bá ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń pa ara wọn nínú eré ìbọn orí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá kú á yọrí lójú fèrèsé, á bú ẹni tó pa á. Fane, ọ̀kan lára wọn, wà ní Sípéènì báyìí. Lică, òmíràn, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Jámánì. Wọ́n ti gé wáyà òrùlé dànù. Ti ọ̀dọ̀ Zamfira nìkan ló kù.

Ó ṣí àpótí náà. Kàpásítọ̀ kan, ohun ribiti bí agolo kékeré, ti wú lórí. Inú Octav dùn, ó rò pé òun ti rí àrùn rẹ̀. Ó yọ òmíràn lára rédíò àtijọ́, ó fi irin gbígbóná lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó tan iná. Wèrè náà ò dáwọ́ dúró.

"Ó ti ń pọ́n o!" Ileana ké láti ilé ìdáná.

Ó wá ṣe bí wọ́n ti ń ṣe láyé ọjọ́sí: ó ń yọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo iná. Ó yọ ti yàrá, wèrè. Ó yọ ti pálọ̀, wèrè. Ó yọ ọ̀kan nínú ti Zamfira. Iná rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ó lọ kan ilẹ̀kùn Zamfira.

"Ìyá, ṣé ẹ fọwọ́ kan wáyà ni?"

"Mo ń tún ilé ṣe de ọdún, ọmọ mi. Mo rí ọ̀kan tó ń rọ̀ bí ìfun adìyẹ, ihò kan sì ṣófo lára àpótí kékeré tí èkíní wọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo bá kì í bọ̀ ọ́."

Octav bú sẹ́rìn-ín. Wáyà méjèèjì ti di òbìrìkìtì: ohun tó bá gba ọ̀kan lọ ń gba èkejì padà, ó tún ń lọ, títí ọ̀nà fi dí.

"Ogún ọdún ló ti ń rọ̀ níbẹ̀, Ìyá."

"Ogún ọdún! Ojú ò sì tì ọ́? Gba àlùmọ́gàjí, gé e. Ta ló tún fẹ́ lò ó?"

Octav yọ orí wáyà náà, ó ká a mọ́ ìṣó, ó rọra tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jẹ́ ó wà."

Nígbà tó padà, Ileana dúró níwájú àpótí náà, wèrè ti tán, iná kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́jú bó ṣe wù ú.

"Kí ló ṣe é?"

"Ìyá Zamfira tún ilé ṣe."

Ileana rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti fọwọ́ ti ògiri. Lẹ́yìn náà ó gbé páálí tuntun sínú báàgì tí yóò fi dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì wá fọwọ́ méjèèjì gbé àpótí náà mọ́ ojú àyè rẹ̀ lára ògiri kí Octav lè de ìdè rẹ̀.

"Tún un gbé sókè díẹ̀," ni Octav wí.