Etí Bàbá Akọrin

Nígbà tí mo ń ṣe oyè kejì nínú ìmọ̀ orin kíkọ, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo gbé lọ sí yunifásítì: pé àwọn tó ń kọ orin sórí ìlà márùn-ún kò mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ fún àwọn tó ń fi solfa kọrin. Èmi mọ̀ ọ́n. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa níbẹ̀ ni mo sì ti kọ́ dò, rè, mí kí n tó mọ ìwé kà dáadáa. Mo fi èyí yangàn púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi fara dà á. Ó ní kí n kọ orin oníṣẹ́jú mẹ́wàá fún ohùn mẹ́rin, kí àwọn èèyàn mi kọ ọ́, kí òun náà wá gbọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road ni mo wà, lọ́dọ̀ àwọn ejẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn kó ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Ìyá mi, tó jẹ́ pé mọ́ṣáláṣí ló ń lọ ní tirẹ̀, tó sì gbà kí n máa tẹ̀lé bàbá mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bi mí pé ṣé orin la ó máa kọ báyìí kí kọ̀ǹténà tó jáde. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, òun kàn béèrè ni.

Bàbá Akọrin, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin wa, ló kọ́ mi ní solfa. Ó ti ṣe akọ̀wé tó ń ka ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká. Ẹgbẹ́ akọrin ló kù tó ń tìtorí rẹ̀ jí láàárọ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣi orin kọ níwájú rẹ̀ kó lọ bẹ́ẹ̀. Á di ojú, á nàka, ẹni tó ṣì í gan-an ni ìka náà yóò sì dúró lé lórí. Gbogbo wa la bẹ̀rù etí yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ gba orin mi sílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìdajì kejì rẹ̀ wálẹ̀ jù, kí n gbé e sókè. Nínú solfa, tí orin bá gbéra báyìí, dò ni yóò ṣí nípò. A gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ńlá tó dúró fún dò níbi tó ti ṣí, kí olórin lè mọ̀ pé ohùn tó ń jẹ́ sò tẹ́lẹ̀ ti di dò. Tí lẹ́tà kékeré yẹn kò bá sí níbẹ̀, dò àtijọ́ ni olórin yóò kọ, kò sì ní jẹ̀bi.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo tún ojú ewé náà kọ nídìí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, orí ìwé kan náà ni ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń wà. Èmi yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn kan ìwé kan, bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe fún àwọn onífèrè ní yunifásítì. Lójú mi, ọ̀làjú nìyẹn. Mo ti kọ ti sopránò àti ti áltò tán nígbà tí oníbàárà kan já wọlé, tó ń jà nítorí kọ̀ǹténà rẹ̀ tí kò tíì jáde. Nígbà tí mo padà jókòó, mo kọ ti tẹ́nọ̀ àti ti báàsì, mo sì gbàgbé lẹ́tà kékeré náà nínú méjèèjì. Mo ṣe ẹ̀dà wọn ní Malu Road, mo pín in lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá gba ti sopránò nìkan. Ó ní etí òun ni yóò máa ka ìyókù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sí àga iwájú, fóònù mi ń gba ohùn sílẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ dára. Nígbà tí a dé ibi tí dò ti ṣí, àwọn obìnrin gbéra lọ sókè, àwọn ọkùnrin dúró síbi tí wọ́n wà. Ohun tó jáde kò ṣeé gbọ́ sétí. Bàbá dá wọn dúró. Wọ́n tún un kọ, ibì kan náà ló tún ti bà jẹ́.

“Tẹ́nọ̀, báàsì, kí ló ṣe yín?” ni Bàbá wí.

Awakọ̀ tírélà kan tó ń kọ báàsì gbé ìwé rẹ̀ sókè. “Baba, no vex. Na wetin dey paper we dey sing o.”

“Ìwé tí ọmọ yunifásítì kọ? Ṣé òun ló máa wá ṣì í?”

Èmi ni ọmọ yunifásítì. Mo yọjú wo ìwé ọwọ́ awakọ̀ náà, mo sì rí i lójú ẹsẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá parí ọ̀rọ̀. Mo wo ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti mú bírò, ó ń kọ nǹkan. Orí pé mo mọ solfa ju gbogbo àwọn ti yunifásítì lọ ni iṣẹ́ mi dúró lé. Mo panu mọ́.

Bàbá gbá irin tó fi ń wá ohùn mọ́ orúnkún, ó gbé e sétí, ó tún gbá a.

“Ẹ má dá wọn lẹ́bi,” ó wí. “Etí mi ni. Dò tí mò ń fún wọn ni kò dáa mọ́.”

Ó ní kí wọ́n má wo ìwé tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, kí wọ́n wo ọwọ́ òun. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ kùn dò tuntun náà fún wọn, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gòkè pọ̀. Ohùn tí fóònù gbà lẹ́ẹ̀kẹta yìí ni mo fi ránṣẹ́ fún ìdánwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi bírò kọ lẹ́tà kékeré náà sínú gbogbo ìwé tẹ́nọ̀ àti báàsì tí mo gbà padà, nítorí mo gbọ́dọ̀ fi wọ́n kún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Mo fara balẹ̀ ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Bàbá dìde níwájú ìjọ, ó ní òun ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, pé ẹni tí etí rẹ̀ bá ti ń tàn án kò yẹ kó máa darí orin Ọlọ́run. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un, mo bá wọn pa á. Ojú tì mí gan-an. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá ti ṣe ìdánwò tán, màá lọ bá a.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń lé e bá. Tèmi lo oṣù mẹ́rin. Mo yege. Ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò tiẹ̀ ní bí mo ṣe kọ ibi tí dò ti ṣí fi hàn pé inú solfa ni wọ́n bí mi sí.

Mo kó àwọn ìwé náà lọ sílé Bàbá lọ́nà Kirikiri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: èmi ni mo gbàgbé àmì náà, mo rí i lọ́jọ́ náà, mo sì dákẹ́. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó gbé ìwé sún mọ́ fèrèsé, ó wò ó títí.

“Ó wà níbí,” ó wí, ó fi ìka tọ́ lẹ́tà kékeré náà. “Ti tẹ́nọ̀ rèé. Ti báàsì náà rèé.”

“Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kọ ọ́ sí i, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ dáadáa ni ẹ́. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, lo ṣe wá ń purọ́ mọ́ ara rẹ.”

“Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín, Bàbá.”

“Mo ti gbọ́. Dìde nílẹ̀.”

Ó ṣàdúrà fún mi, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní òdìkejì títì ń múra orin ọjọ́ kejì sílẹ̀. Tẹ́nọ̀ wọn wálẹ̀, mo sì rí i tí Bàbá fa ojú ro.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí?” ó bi mí. “Ìwọ ni kó o sọ fún mi.”

Mo ní tẹ́nọ̀ wọn wálẹ̀ díẹ̀. Ó mi orí. Ó ní bí òun náà ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, àmọ́ òun ò gba etí òun gbọ́ mọ́.