Orin Rédíò Tó Tán Kí Ìyá Àtosìn Tó Dé Pẹpẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Ìkórè kan ní Ìdànrè, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún. Tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà o!

Òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa nígbà náà. Kò sí iná mọ̀nàmọ́ná ní Ìdànrè, bátìrì ni gbogbo rédíò ìlú ń lò. Ẹ̀kọ́ wo wá ni mò ń kọ́? Orin ni. Kì í ṣe orin ẹnu, kì í sì í ṣe dùùrù. Orin tí a ń fi rédíò àti téèpù ṣe ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Àwọn ọmọ òde òní tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin rò pé àwọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Bọ̀dá Festus ló ń tún rédíò ṣe ní ìsàlẹ̀ òkè. Òyìnbó kan ti wá gba orin àwọn àgbà sílẹ̀ lórí Òkè Ìdànrè, Bọ̀dá Festus ló sì bá a ru ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ yọ̀, ẹ̀rọ ṣubú. Òyìnbó ní ó ti bàjẹ́, kí Bọ̀dá kúkú máa mú un lọ. Bọ̀dá tú u palẹ̀, ó tò ó padà, ló bá ń sọ̀rọ̀! Bátìrì ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ la fi ń yí i bíi gírámófóònù kí téèpù rẹ̀ tó lè rìn.

Rédíò bàbá mi ni mo gbé lọ síbẹ̀ fún àtúnṣe. Rédíò padà sílé, èmi ò padà mọ́.

Ṣé ẹ rántí bí rédíò àtijọ́ ṣe máa ń súfèé tí ẹ bá ń wá ilé iṣẹ́ rédíò kan? Fííín! Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ìfé náà á gòkè. Ẹ yí i sósì, á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn máa ń bínú sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi rọra ń yí i, mo sì gbọ́ dò. Mo tún yí i díẹ̀, mo gbọ́ rè. Mo pariwo! Mo mú pẹ́ńsù, mo sàmì sí ojú rédíò náà láti dò dé dò òkè, Bọ̀dá sì gba ìfé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sórí téèpù. Òkúta kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó máa ń dún bí agogo tí a bá fi òòlù kàn án. A gba ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ orin sí: dò mẹ́rin, mí mẹ́rin, sò mẹ́jọ. Iye ínǹṣì téèpù ni nọ́ńbà yẹn. Màá fi rúlà wọn téèpù, màá fi bíléèdì gé e, màá fi bébà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó kàn. Ohun tí mo bá kọ sínú ìwé náà ni ẹ̀rọ máa kọ lórin. Tí mo bá kọ ọ́ ní àkọtì, bó ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í bo ènìyàn láṣìírí! Orin tí kò tó ìṣẹ́jú kan gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bọ̀dá Festus sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ìjàpá ni mí.

Bàbá mi ńkọ́? Bàbá mi ló ń yẹ kòkó wò fún ìjọba, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún mi, ó ti bá àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́ sọ ọ́ pé kí ó kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ. Ó bi mí pé obìnrin wo ni mo rí tó ń fi gígé téèpù jẹun. Mi ò rí ìkankan. Ta ni mo fẹ́ tọ́ka sí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé tí eku fi jẹ ẹwìrì dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí kò lè dún mọ́. Ìkórè ku oṣù méjì! Tíṣà Akínrìnádé, olórí akọrin, ti gbọ́ orin mi nílé Bọ̀dá Festus, ló bá tọ bàbá mi lọ. Ó ní ṣé kí ọmọ yìí fi ẹ̀rọ gbè wá lọ́jọ́ Ìkórè, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ?

Bàbá mi ronú títí. Ó wá sọ fún mi pé tí iṣẹ́ yìí bá wúlò nílé Ọlọ́run, kí n máa bá a lọ lọ́dọ̀ Festus. Tí kò bá wúlò, ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé Ìkórè, Àkúrẹ́ yá. Mo ní mo gbà. Ọkàn mi balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo mọ ohun tí mo lè ṣe.

Tíṣà kọ orin náà fún mi, ẹsẹ mẹ́rin pẹ̀lú ègbè. Mo wọn gbogbo rẹ̀, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́. Ìfé rédíò ló ń kọ ohùn orin, òkúta ẹ̀yìn ilé ló ń lù ú. Nígbà tí a fi dánra wò, àwọn akọrin dúró lórí ìlà, wọ́n kọ ọ́ láti orí dé ìparí, ẹ̀rọ àti ènìyàn sì parí pọ̀. Tíṣà bọ̀ mí lọ́wọ́! Kí n má purọ́, mo gbéra ga díẹ̀.

Ọjọ́ Ìkórè pé. A gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì ní fẹ́sìtìrì, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, a sì fa wáyà jáde sí gbohùngbohùn ẹlẹ́nu gbàǹgbà tí àwọn olóṣèlú máa ń yá lọ́wọ́ Bọ̀dá. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Kòkó, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Wọ́n pe ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Bọ̀dá yí ọwọ́ ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́.

Háà! Ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Ohùn náà jáde, gbogbo orí yí padà. Àwọn kan rò pé áńgẹ́lì ni. Àwọn ìyá gbé agbọ̀n karí, Ìyá Àtosìn ló ṣáájú wọn, abọ́ iṣu ńlá lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ paraku ni ìyá yìí, ó ti rìn láti Àtosìn, abúlé oko rẹ̀, lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń jó bọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

Ẹsẹ kìíní tán. Ìkejì tán. Ìkẹta. Mo yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá Àtosìn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìkórè wa, ẹ ti mọ àṣìṣe mi. Ta ló ń jó Ìkórè ní ẹsẹ mẹ́rin? Ibi tó bá dùn mọ́ ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa dúró sí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á padà sẹ́yìn lọ pe ẹni tó ṣẹ́kù. Wọ́n bí mi sínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, mo ń jó o láti kékeré, síbẹ̀ bébà Tíṣà ni mo wọ̀n. Mi ò wọn ènìyàn.

Téèpù tán. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, àfi adìyẹ kan. Ìyá Àtosìn dúró, ẹsẹ̀ kan lókè, abọ́ iṣu lórí. Ó wá fi èdè Ìdànrè pọ́nńbélé bèèrè, kí gbogbo ayé lè gbọ́, pé òun kò tíì dé iwájú Jésù, ta ló ní kí orin dá?

Ẹ̀rín sọ! Tíṣà sáré ní kí àwọn akọrin máa pàtẹ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ lẹ́nu, àwọn ìyá fi bẹ́ẹ̀ rọ́jú dé pẹpẹ. Mo wo ìjókòó bàbá mi. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí kòkó tó ń yẹ̀ wò kò bá yege, tí kò tíì fẹ́ sọ fún olóko. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Àkúrẹ́ ti dé nìyẹn.

Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ló kàn, ẹgbẹ́ bàbá mi gan-an! Mo bẹ Tíṣà pé kí ó wá nǹkan ṣe. Ó lọ sọ sí àlùfáà létí, àlùfáà bá ní ìwàásù ló kàn. Àlùfáà wa kì í wàásù kúrú. Ìlú ti kùn sí i lórí ìyẹn rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí Olúwa fún un ní ọ̀rọ̀ sí i.

Kí ni kí n wá ṣe o? Mi ò lè wọn orin tuntun láàárín ìwàásù kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń la òógùn nígbà tí ẹnìkan ṣílẹ̀kùn. Ta ni? Ìyá Àtosìn! Ó wá bá mi jà. Bọ̀dá Festus ń bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó ní irú orin wo ni mo se tó ń tán mọ́ ènìyàn lẹ́nu. Ó ní orin tiwọn kì í tán, agbára àwọn tó ń jó ló máa ń tán. Tí orin bá dé ìrù, kí wọ́n dá a padà sí orí, ó tán! Ṣé ìyẹn náà le ni?

Mo wo ìyá. Mo wo téèpù. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Mà!” Ó rò pé mò ń bú òun.

Mo gé ègbè kan ṣoṣo kúrò lára téèpù náà. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Mo mú ìrù rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí rẹ̀, ó di òrùka. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe irú rẹ̀ ní lúùpù, bọ́tìnnì kan ni wọ́n máa tẹ̀. Èmi? Ìgò wáìnì oúnjẹ alẹ́ Olúwa tó ti ṣófo ni mo gbà lọ́wọ́ olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi apá kan téèpù náà sínú ẹ̀rọ, mo fi apá kejì kọ́ ìgò lọ́rùn, mo fa ìgò náà dé ẹ̀gbẹ́ ògiri kí téèpù lè le, mo dì í mú.

Bọ̀dá fi ohun ìgbọ́ràn sétí, ó dán an wò. Ó mi orí. Ó ní orin náà ń tiro. Níbi tí mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ ti wọ̀ ọ́, ẹni tó bá ń jó o á kọsẹ̀. Mo gé ìwọ̀n ìka kan kúrò, mo tún un lẹ̀. Ó tún gbọ́ ọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń fi èjìká jó.

Àlùfáà ní àmín. Wọ́n pe àwọn ọkùnrin.

Ègbè náà jáde. Ó dé ìrù, ó padà sí orí. Ó tún dé ìrù, ó tún padà! Bọ̀dá Festus ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, èmi di ìgò mú, apá ti ń ro mí. Mi ò lè yọjú mọ́, etí nìkan ni mo fi ń ríran. Mo gbọ́ bàtà àwọn ọkùnrin lórí sìmẹ́ńtì, mo gbọ́ igbe ayọ̀, ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́. Tíṣà bẹ́ wọlé, ó ní kí n má dá a dúró o, pé àwọn ìyá ti lọ gbé iṣu wọn kúrò níwájú pẹpẹ padà, wọ́n ní àwọn ò jó tó, àwọn máa tún un jó!

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Bàbá mi ni, agbádá rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ó wo Bọ̀dá, ó wo téèpù tó ń sáré yí ìgò po, ó wo apá mi. Ó wá ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó na ọwọ́. Ó ní kí n gbé ìgò fún òun, pé “ọghọ́” òun le ju tèmi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa ń pe ọwọ́.

Mo gbé e fún un. Ó gba ibi tí mo dúró sí, ó fa téèpù le dáadáa.

“Lọ jó Ìkórè tìrẹ.”

Mo jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orin mi láàárín àwọn tó ń jó o. Mo jó, mo sunkún, mo tún jó.

Lọ́jọ́ Ajé, mi ò lọ sí Àkúrẹ́. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ bá Bọ̀dá Festus, ó ní kí ó kọ́ mi débi tí kò ní ku ẹyọ kan. Iṣẹ́ rédíò ni mo fi tọ́ gbogbo ọmọ mi.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀: kí o tó kọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe, kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ àwọn tó máa jó o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ orin orí kọ̀ǹpútà, ó kàn yín o!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ láìmọ̀ pé òun ń kọ́ yín? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí kí gbogbo wa rí i, kí ẹ sì wá a lọ tó bá ṣì wà láyé. Ìyá Àtosìn kú kí n tó ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe èébú ni mo bú u, pé ọpẹ́ ni mò ń dá.