Ìyálé, Ìyàwó àti Káàdì Méjì Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Kan

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù àwọn Alhaja ní àdúgbò Samandin ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyálé jókòó sí apá ọ̀tún, ìyàwó jókòó sí apá òsì, aṣọ funfun kan sì wà lórí tábìlì láàárín wọn bí òkú tí wọn ò tíì sin. Mo kí wọn. Àwọn méjèèjì dáhùn pọ̀, wọ́n sì dákẹ́ pọ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Rédíò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Nàgó kan láti Kétu tó ní ìsọ̀ ní Zangouettin kí wọ́n tó wó ibẹ̀. Mo ti láya nílé kí n tó mọ̀wé kà. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló máa ń gbé àtùpà dání fún mi nígbà tí mo bá ń ka ìwé, á sì máa rẹ́rìn-ín sí ètè mi tó ń mì. Ọ̀gá mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó máa ń sọ jù ni: “Ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹni tó ni ín ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.”

Àwọn tó ni ẹ̀rọ yìí, méjì ni wọ́n. Alhaja Ṣìfáwù ni ìyálé, Alhaja Múíbátù ni ìyàwó. Nígbà tí ọkọ wọn kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ̀rọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀nà sí ọrùn aṣọ, àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń darí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Èmi ni mo gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, nítorí Linux kì í kọ arúgbó.

Aṣọ tó wà lórí tábìlì, ti Lèmọ́ọ̀mù tuntun ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa wé láwàní fún un. Aṣọ gìnnì gidi ni, èyí tí wọ́n ń pè ní bazin níbí. Abẹ́rẹ́ ti ṣe ọrùn rẹ̀ dé ìdajì kó tó dúró lójijì. Nígbà tí wọ́n tún tan ẹ̀rọ náà, abẹ́rẹ́ gba àyà aṣọ kọjá, ó sì lọ parí òdòdó rẹ̀ sí abíyá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú irú aṣọ náà. Àbúrò ọkọ wọn sì ti búra: bí èyí bá tún bàjẹ́, òun á ta ẹ̀rọ, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, kí kálukú wọn wá ibi gbà.

“Wáàsí rẹ̀ ni,” Alhaja Ṣìfáwù sọ. “Gbogbo ìgbà tó bá ti ki filáàṣì wáàsí yẹn bọ kọ̀ǹpútà ni abẹ́rẹ́ ń dúró.”

“Ẹ̀rọ wo ni ò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?” Alhaja Múíbátù bi mí, kò wo ìyálé rẹ̀. “Fóònù wọn ni, Bàbá Ṣékínà. Wọ́n á ti i bọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pé àwọn ń gba iná. Fóònù á mu iná tán, abẹ́rẹ́ á kú.”

“Fóònù mi kì í ṣe màlúù tó fi máa mu odò gbẹ.”

Mi ò dá sí i. Mo pààrọ̀ wáyà, mo fi àkísà sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo ní kí Alhaja Múíbátù yọ wáàsí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ geere. Ìyálé fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Fóònù rẹ̀ sì ń kú lọ, ló bá ti i bọ kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ dúró gbagidi.

“Barka!” Alhaja Múíbátù pàtẹ́wọ́. “Ọlọ́run kì í sùn!”

Mo yọ fóònù, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tàn án. Abẹ́rẹ́ tún ń lọ. Inú ìyàwó dùn débi pé ó ki wáàsí rẹ̀ padà bọ̀ ọ́, ká lè jọ dúpẹ́. Oníwáàsí ò tíì kí ìjọ tán tí abẹ́rẹ́ fi dúró.

Àwọn méjèèjì ló jàre, àwọn méjèèjì ló sì jẹ̀bi. Wọ́n wò mí bíi pé èmi ni mo bí ẹ̀rọ náà.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti jáde sójú kọ̀ǹpútà. Mo kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń ka gbogbo ìwé. Ohun tó ń sọ ni pé ìpè kan wọlé, ẹnì kankan ò kọbi ara sí i, òun sì ti ti ọ̀nà tó gbà wọlé pa. Mo rò pé ẹjọ́ tí kọ̀ǹpútà arúgbó máa ń rò lásán ni. Mo wọ abẹ́ tábìlì lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà: “Salaamu alaekun! Alhaja!”

Láti abẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ ìyálé àti ti ìyàwó nìkan ni mò ń rí. Kò sí èyí tó mira.

“Alhaja o! Ṣé kò sẹ́nì kankan nílé ni?”

Ẹsẹ̀ ò mira. Èmi náà gbọ́, mi ò dáhùn. Kì í ṣe ilé mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí mótò kan dún, tó sì lọ.

“Ta nìyẹn?” Alhaja Ṣìfáwù béèrè.

Alhaja Múíbátù yọjú lójú fèrèsé. “Yéè! Lèmọ́ọ̀mù ni!”

“Kí ló dé tí o ò dáhùn?”

“Alhaja ni wọ́n pè. Ẹ̀yin lẹ jókòó síbí yìí. Ṣé kí n wá máa dáhùn lórí ìyálé mi?”

“Ta ló ń jáde sí àlejò nínú ilé? Ìyálé àbí ìyàwó? Ìwọ ni mò ń dúró dè!”

“Èmi náà, ẹ̀yin ni mò ń dúró dè!”

Mo gbé orí sókè lójijì, tábìlì sì gbá mi. Kì í ṣe ìrora ló mú mi pariwo. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ ló yé mi.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀gá kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Àwọn káàdì, pátákó ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a fi sínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n á kanlẹ̀kùn, òun á sì fi ọwọ́ iṣẹ́ sílẹ̀ láti gbọ́ tiwọn. Ìkànlẹ̀kùn yìí ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní IRQ. Ilẹ̀kùn ò pọ̀, nítorí náà káàdì méjì lè máa kan ẹyọ kan. Kò burú, bí ẹni tó kàn án bá lè jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà míì, ọ̀gá á gbọ́ kó-kó-kó, á bi èkíní, èkíní á ní kì í ṣe òun. Á bi èkejì, èkejì á ní kì í ṣe òun. Kó-kó-kó ò sì dákẹ́. Bó bá sú u, á ti ilẹ̀kùn náà pa mọ́ àwọn méjèèjì.

Káàdì tó ń bá abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni káàdì mìíràn wà, èyí tí ihò rẹ̀ ń gba filáàṣì, tó sì ń gba fóònù. Wáàsí ò ṣẹ abẹ́rẹ́, fóònù ò mu iná rẹ̀. Káàdì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé, káàdì yẹn sì ń kan ilẹ̀kùn kan náà pẹ̀lú ti abẹ́rẹ́.

Mi ò tíì sọ èyí jáde tí Alhaja Ṣìfáwù fi tì mí síta. “Bàbá Ṣékínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé e! Ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ Paspanga ló ń lọ yẹn!”

Èmi kì í sáré. Mo gun alùpùpù mi, mo sì sáré. Mo bá Lèmọ́ọ̀mù lẹ́bàá ọ̀nà níbi tó ti ń mu zoom-koom, omi ọkà tútù tí àwọn Mòsí ń tà nínú ike.

“Ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́, Alfa,” mo ní. “Aṣọ yín á ti dára.”

“Mo débẹ̀. Kò sẹ́ni.”

“Wọ́n wà níbẹ̀.”

“Wọ́n gbọ́ tí mo pè, wọn ò dáhùn?”

“Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn ni.”

Zoom-koom gba ọ̀nà imú rẹ̀ jáde. Nígbà tó wúkọ́ tán, ó ní, “D'accord. Di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dé Paspanga.”

Mo padà. Mo yọ káàdì abẹ́rẹ́ kúrò ní ojú ihò tó wà, mo fi sí ihò tó jìnnà sí ti tẹ́lẹ̀. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ní kó fi ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan hàn mí. Kálukú ti wà ní tirẹ̀.

“Ẹ ti fóònù yín bọ̀ ọ́, Alhaja. Ẹ̀yin náà, Alhaja, ẹ fi wáàsí yín sí i. Lẹ́ẹ̀kan náà.”

Wọ́n wo ara wọn. Ọwọ́ méjèèjì lọ pọ̀. Oníwáàsí ké, ó ń sọ ẹ̀tọ́ tí aládùúgbò ní lára ẹni. Fóònù Alhaja Ṣìfáwù dún láàárín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wa ń wò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó parí òdòdó, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó gbé aṣọ gidi sábẹ́ rẹ̀. Ìyálé di etí kan mú, ìyàwó di èkejì mú. Nígbà tí Lèmọ́ọ̀mù pè lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì dáhùn, wọ́n dìde, wọ́n sì há sẹ́nu ọ̀nà.

Mo wà ní mọ́sáláásí ní ọjọ́ Jímọ̀ náà. Àwọn ènìyàn ń wo láwàní. Ọrùn aṣọ ni èmi ń wò.

Alhaja Ṣìfáwù bi mí lẹ́yìn náà pé kí ni mo ṣe gan-an. Mo ní mo fún kálukú ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ ni. Ó mi orí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, bíríkìlà ti lu ògiri ṣọ́ọ̀bù já, ilẹ̀kùn ti di méjì. Àbúrò ọkọ wọn sáré wá, ó rò pé wọ́n ń pín ogún.

Mo dúró sí àárín ilẹ̀kùn méjèèjì. “Alhaja!”

Orí méjì yọ láti ẹnu ọ̀nà kan. Èyí àtijọ́ ni.

“Èkejì ńkọ́?” mo béèrè bí mo ṣe ń gba àárín wọn wọlé.

“Oòrùn pọ̀ níbẹ̀,” Alhaja Múíbátù fèsì. “Ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì ló ń gbà á.”

“Ṣùgbọ́n a ti rí ọgbọ́n dá,” ìyálé sọ. “Ẹni tó bá sún mọ́ ọ̀nà ló ń dáhùn.” Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá Ṣékínà? Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn tiyín, ta ló ń dáhùn?”

“Èmi nìkan ni. Kò sí ìjà ilẹ̀kùn nílé mi.”

“Kò sí ìjà lóòótọ́,” ó ní. “Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń kàn án?”

Ìyàwó rẹ̀ ti ń fi etí aṣọ bo ẹnu. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n ti jọ sọ ọ̀rọ̀ mi kí n tó dé, wọ́n sì ti fẹnu kò, àwọn tí kì í fẹnu kò. Mo gbé àpò iṣẹ́ mi. Àwọn méjèèjì ṣì dí ọ̀nà àtijọ́, wọ́n ń dúró de èsì. Mo gba ti ewúrẹ́ jáde.