Bàtà Tí Kò Mọ Ìta

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ọjọ́ ogbó ló gbé Pawlina Dereniuk ṣubú, irọ́ ló ń pa. Ìbọ̀sẹ̀ ni. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Ilé rẹ̀ ló kọjú sí tèmi, ní abúlé wa tó wà lápá àríwá ìlú Dauphin, ní Manitoba. Ó fi ọdún mélòó kan jù mí lọ, nítorí náà Ìyá Orest ni mo máa ń pè é. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé náà. Ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ jáde lọ sin, ibẹ̀ náà ló sì fẹ́ kí wọ́n ti gbé òun náà lọ́jọ́ tó bá yá. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà ìkórè kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ní ilé ìdáná. Èmi ni mo rí i pé kò ṣí kọ́tìnì rẹ̀, tí mo fi sáré lọ wò ó. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dìde fúnra rẹ̀. Orest, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wakọ̀ wá láti ìlú Winnipeg. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀rù ti bà á. Ó ní bí ìyá òun bá tún ṣubú pẹ́nrẹ́n, òun á ta ilé náà, òun á sì mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

"Ṣé màlúù ni mí tí wàá fi dà mí lọ sí gàá?" ni Pawlina bi í.

Ilé ìwòsàn wá rán Janelle Friesen sí i, ọmọbìnrin onífísíò tó ń wakọ̀ kiri oko wa, tó ń kọ́ àwọn arúgbó bí wọn ò ṣe ní máa ṣubú. Oògùn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ìdárayá nìkan ni. Kí Pawlina di etí síǹkì mú, kó gbé gìgísẹ̀ sókè, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Kó dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀. Kó fi ẹsẹ̀ kan dúró nígbà tí pírọ́hì, ìyẹ̀fun tí a pò tí a fi ọ̀dùnkún sí nínú, bá ń hó lórí iná.

"Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ sọ mí di lékeléke ni?"

"Lékeléke kì í ṣubú, mama," ni Janelle fèsì.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí yìnyín tó bo ilẹ̀, Pawlina ti ń gbé ọ̀dùnkún gòkè láti yàrá abẹ́ ilé láìdi ohunkóhun mú. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti síǹkì yẹn nílé mi, mo kàn ń ti kọ́tìnì kí wọ́n má baà rí mi ni.

Ohun kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀. Janelle ní kó máa wọ bàtà nínú ilé. Lọ́dọ̀ wa, a kì í wọ bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà. Olè pàápàá, bó bá wá jà wá lólè, á kọ́kọ́ bọ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Pawlina ní òun kì í ṣe ẹranko. Janelle kò bínú.

"Ẹsẹ̀ yín ti lágbára, mama," ló sọ. "Ṣùgbọ́n kò sí agbára tí ẹsẹ̀ lè ní nínú ìbọ̀sẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ẹ fi pọ́líìṣì dán báyìí, tó fi máa di ilẹ̀ mú."

Wọ́n jọ fẹnu kò nígbẹ̀yìn: kí ó ra bàtà tuntun tí kò ní kan ìta láéláé. Pawlina gbà. Bí mo bá wọlé, á tètè sọ fún mi kí n tó lanu: "Odarka, bàtà yìí kò mọ ìta o."

Nígbà tí àjọ̀dún Jọ́dánì, tí a fi ń rántí ìrìbọmi Jésù, kọjá, fada bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé láti wọ́n omi mímọ́, bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Pawlina tún ilẹ̀ dán títí tí mo fi lè rí ojú mi nínú rẹ̀. Fada Ihor wọlé, ó bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn wọlé, àtàǹpàkò rẹ̀ kan yọjú níbi tí ìbọ̀sẹ̀ ti já. Pawlina wo ẹsẹ̀ fada. Ó wo tirẹ̀. Ó rọra bọ́ bàtà náà, ó tì í sábẹ́ àga.

Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ìyá Orest, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín."

"Níwájú fada?"

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó pa òwe yẹn, egungun ìdí rẹ̀ kò tíì ṣẹ́ rí. Inú ń bí mi títí dòní, torí pé fada kò tiẹ̀ wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àdúrà ló ń gbà, tó ń wọ́n omi sí ògiri àti ilẹ̀. Bó ti parí, Pawlina dìde láìfọwọ́ ti àga, ó gbé àyà sókè, ó fẹ́ kí fada rí bí òun ti ń rìn. Tíì ló fẹ́ lọ gbé. Ó tẹ ibi tí omi mímọ́ kán sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ bí egungun ìdí rẹ̀ ṣe ṣẹ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró mọ́. Orest sunkún nígbà tó ń ta ilé náà. Mi ò lè bá a wí.

Ìgbà ìrúwé ni mo lọ kí i ní ilé ìtọ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo fẹ́ tú okùn bàtà mi. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn, bàtà tí kò mọ ìta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, abẹ́ rẹ̀ kò tíì jẹ rárá. Mo ní inú mi dùn pé ó gbà láti wọ̀ ọ́ níkẹyìn.

"Má bọ́ tìrẹ, Odarka," ló sọ. "Ilé ni a kì í wọ bàtà wọ̀. Ibí kì í ṣe ilé."

Mo so okùn bàtà mi padà, mo wọlé lọ bá a.