Ọmọ Tó Ń So Okùn Bàtà Lẹ́ẹ̀mejì

Okùn bàtà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo tọ́ fi máa ń bí mi nínú láti kékeré. Á so ó, á tú u, á tún un so, bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wa kúrò ní Rippleside, àdúgbò wa ní ìlú òyìnbó níbí, á sì ti lọ. Bí mo bá jágbe, á ní, "Dádì, ẹ ní sùúrù, mi ò fẹ́ ṣubú ni."

Ẹni tí ò fẹ́ ṣubú ló wá bá ẹgbẹ́ agunkè lọ sí àwọn òkè gíga Himaláyà! Èmi tí mo tọ́ ọ, bí mo bá gun àkàsọ̀ láti pààrọ̀ gílóòbù, ìyàwó mi ní í dì í mú, màá ṣì máa ké pé kó má fi í sílẹ̀.

Wọ́n wà nínú àgọ́ pẹ̀lú afinimọ̀nà wọn, wọ́n ń dúró kí ìjì rọlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa ní Dagenham, wòlíì pariwo, "Ìjì náà, dákẹ́!" Gbogbo ìjọ ké "Àmín!" Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbé bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Èmi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìjì náà máa jà títí á fi sú ọmọ mi, kó padà wálé.

Lánàá, ó pè.

"Dádì, ojú ọjọ́ ti dáa! A ti fẹ́ gbéra. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ."

Èébú kún ẹnu mi. Mo gbé e mì.

"Ṣé o ti so okùn bàtà rẹ?"

"Mo ti so ó, Dádì."

"Tú u," mo ní. "Tún un so."