Páálí Kéékèèké Tí Wọ́n Fi Itọ́ Lẹ̀

Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́, àmọ́ ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán.

Àbúrò ìyàwó mi ta páàtì mọ́tò ní Uselu ní ìlú Benin títí wọ́n fi wó ìsọ̀ rẹ̀ láti fẹ títì. Kí ọmọbìnrin rẹ̀ má bàa gbàgbé ìsọ̀ náà, ó fi pákó kan irú rẹ̀ kékeré, ó sì ń ṣe páálí púlọ́ọ̀gì àtijọ́ sínú rẹ̀, èyí tí kò ju èékánná lọ. Ó mọṣẹ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n sitáàṣì, òkèlè ẹ̀gẹ́ tó bá ń jẹ, ni gọ́ọ̀mù rẹ̀: á rún un lẹ́nu, á tu ú sí ìka, á fi lẹ páálí, á sì ti ìka yẹn bọ ọbẹ̀ tí a jọ ń jẹ.

Ìyàwó mi figbe ta. "Ọkùnrin yìí, jẹ́ n ra gọ́ọ̀mù fún ọ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, itọ́ ló ń mú un le."

Èmi á dìde kúrò nídìí ọbẹ̀.

Nígbà tó kú, a ṣí ìsọ̀ kékeré náà fún ọmọ rẹ̀. Aáyán ló tú jáde. Wọ́n ti jẹ gbogbo páálí tán. Ọmọ náà ń sunkún, ó sì fọwọ́ bomú. "Uncle, I no fit carry am o."

Bí ogún ṣe pín nìyẹn: aáyán jogún páálí, ọmọ jogún ìsọ̀ òfìfo, lẹ́yìn tí mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.